Ọ̀gá-Ń-Bọ̀ àti Òfin Kẹsàn-án

Ọ̀gá lásán, bó bá fẹ́ wọlé, á ṣílẹ̀kùn, á wọlé. Ọ̀gá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún yín yìí kì í ṣe ọ̀gá lásán. Kó tó yọjú ní ọ́fíìsì láràárọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣíwájú ẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, kó máa ké pé, "Ọ̀gá ń bọ̀, Ọ̀gá ń bọ̀," kí àwọn òṣìṣẹ́ lè dìde, kí wọ́n fa aṣọ wọn tọ́, kí wọ́n sì ṣe bí ẹni tí iṣẹ́ fẹ́ pa. Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ń ké e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá-Ń-Bọ̀ lẹ́yìn, tí kò fi sẹ́ni tó rántí orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

Ẹni tó ń ké e ni Akọ̀wé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó lé díẹ̀ lẹ́ni ogójì ọdún, ó sì máa ń fi bírò méjì sápò àyà, torí pé ọ̀kan lè yarí fún un níwájú Ọ̀gá. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti tẹ lẹ́tà, láti lu òǹtẹ̀, àti láti ka oyè Ọ̀gá kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Oyè ọ̀hún gba ojú ìwé kan àtààbọ̀. Ìpàdé ìbáà jẹ́ tèèyàn mẹ́ta, kí gbogbo wọn sì jẹ́ ọmọ ọ́fíìsì kan náà, Akọ̀wé á dìde, á kà á: "Ọ̀gá Àgbà Ọ́fíìsì Ojú Títì àti Gbàgede, ẹni tó mọ kọ̀rọ̀, tí kọ̀rọ̀ mọ̀ ọ́n, baba gbogbo òpó iná, olùfúnni-láàyè, olùgba-ààyè-padà, ẹni tó bá jókòó, tí ìdúró ò wu ẹnikẹ́ni mọ́." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá jíròrò lórí omi tó ń jò nílé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti àga ẹ̀ náà, torí a máa bá a pàdé níwájú. Àrán pupa ni wọ́n fi bò ó, apá ẹ̀ méjèèjì nípọn bí itan màlúù, ẹ̀yìn ẹ̀ sì ga débi pé ẹni tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀ ò ní mọ̀ bóyá èèyàn wà lórí ẹ̀. Ọ̀gá gbà pé ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe tí àga yìí ò sí níbẹ̀, wọn ò tíì ṣe é. Ó tiẹ̀ ní tòun bá kú, kí wọ́n ṣì gbé e wá síbi ìsìnkú, bóyá ara á fẹ́ sinmi.

Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan tó wọ bàtà kánfáàsì wá bá a. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn eléré kan tó fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́rin ṣeré káàkiri ìgboro, lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí gbọ̀ngàn, láìsí géètì. Eré wọn kì í ṣe irú èyí tẹ́ ẹ mọ̀. Ọkùnrin kan máa fẹ̀yìn rìn lórí afárá láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn mẹ́fà máa gbé ilẹ̀kùn kan kiri ìlú, wọ́n á máa nà án ró níwájú ẹni tó ń kọjá, wọ́n á ní kó kànkùn kó tó máa lọ. Ìyá àgbà kan máa jókòó sídìí àtẹ̀gùn ilé ìfìwéránṣẹ́, á máa béèrè lọ́wọ́ bàtà àwọn èèyàn bóyá wọ́n sùn dáadáa. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ará ìlú á mú aṣọ yẹ́lò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, oníkálukú á so tiẹ̀ mọ́ ohun tó bá gbádùn jù. Ẹni tí tiẹ̀ bá pọ̀ jù, wọ́n á gbé e sórí èjìká yí gbàgede ká lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀gá gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó ní, "Ibo ni àga àwọn èèyàn pàtàkì máa wà?"

Ọmọbìnrin náà ní kò sí àga, sà, ẹni tó bá fẹ́ wòran á dúró. Ọ̀gá bi í pé ta ni alága ọjọ́ náà. Ó ní kò sí. Ọ̀gá bi í pé ta ló máa wá ṣí i. Ó ní tó bá ti di aago mẹ́sàn-án, àwọn á kàn bẹ̀rẹ̀ ni. Akọ̀wé tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rí i bí iṣan ọrùn Ọ̀gá ṣe ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ní ó ṣeé ṣe ni, ì bá ní kí wọ́n gbé ọmọ náà jù síta pẹ̀lú bàtà kánfáàsì ẹ̀.

Kò ṣeé ṣe. Màmá Olórí Ìlú, obìnrin àgbàlagbà tó ń ṣàkóso gbogbo wọn, ti fọwọ́ sí i, ó sì ti ní òun máa wá lọ́jọ́ kẹrin. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Màmá ń wá igbákejì. Ọ̀gá-Ń-Bọ̀ ti gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé òun ni. Ó tiẹ̀ ti rán Akọ̀wé lọ fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà yàrá igbákejì, bóyá àga pupa á gba ibẹ̀ kọjá. Á gbà á tí wọ́n bá gbẹ́ ògiri díẹ̀.

Ó wá fọwọ́ síwèé fún ọmọbìnrin náà, àmọ́ ó ní òun ò ní ṣàì fi òfin sí i. Òfin mẹ́rìnlá ni. Ẹ gbàgbé èyí tó kù, kẹsàn-án ni kẹ́ ẹ mú dání:

"Òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú kankan, bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó kéré jù títí dórí ẹni tó ga jù, kò gbọdọ̀ ṣeré nínú àjọ̀dún yìí. Ohunkóhun tí èèyàn méjìlá bá dúró wò, tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún, eré ni. Ẹni tó bá rú òfin yìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Akọ̀wé tó ń tẹ̀ ẹ́ dáwọ́ dúró. Ó fọ̀wọ̀ béèrè bóyá kí "dórí ẹni tó ga jù" wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀gá ní gbólóhùn kúkúrú ò yẹ ọ̀gá, kó jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ti méjìlá yẹn ńkọ́? Ọ̀gá wo iwájú kóòtù ara ẹ̀, ó ka bọ́tìnì ẹ̀, ó jẹ́ méjìlá.

Akọ̀wé ní ìyàwó. Ìyá Òdòdó ni gbogbo ìlú ń pè é, torí òun ni aṣọ́gbà ọgbà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń bomi rin ibẹ̀. Kò sí igi kan níbẹ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀ ló gbìn ín. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ọgbà ni òun, ọkọ ẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́ta ń gbé, ilé náà sì so mọ́ iṣẹ́ ọ̀hún ni. Bí iṣẹ́ bá lọ, ilé lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kìíní, Ìyá Òdòdó ń bomi rin òdòdó bó ṣe máa ń ṣe. Ọkùnrin eléré kan wá, agolo òfìfo lọ́wọ́, ó dúró tì í, ó sì ń ṣe ohun tó ń ṣe gẹ́lẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀. Ó nu òógùn, ọkùnrin náà nu òógùn. Ó yí padà, ó bi í bóyá nǹkan ń ṣe é, ọkùnrin náà bi òdòdó kan bóyá nǹkan ń ṣe é. Àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ojú ti Ìyá Òdòdó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹrí ba fún wọn díẹ̀ kó lè ráyè padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n gbọ́ "Ọ̀gá ń bọ̀." Ọ̀gá dúró, ó fìka ka àwọn òǹwòran. Mẹ́tàlá. Ó wo aṣọ́gbà, ó wo Akọ̀wé, ó ní òfin ò mọ ìyàwó ẹnì kan. Ó ní kí Akọ̀wé lọ tẹ ìwé ìdádúró náà, àmọ́ kó ṣì mú un dání. Òun fẹ́ kà á síta fúnra òun lọ́jọ́ kẹrin, níṣojú Màmá, kí Màmá lè rí bí ọwọ́ òun ṣe le tó. Akọ̀wé lọ, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ ṣi orúkọ ìyàwó ara ẹ̀ tẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án tó fi ń ké níwájú ọkùnrin yìí, kò kórìíra ẹ̀ rí, àmọ́ ó kórìíra ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Níbo wá ni Ọ̀gá ń lọ pẹ̀lú ariwo? Ẹ̀yin náà ẹ ti mọ̀. Bí wọn ò bá gbé àga síbi àjọ̀dún, òun á gbé àjọ̀dún wá síbi àga. Géńdé mẹ́rin tó ń tún títì ṣe gbé àga pupa léjìká, ẹ̀karùn-ún di agboòrùn mú, ẹ̀kẹfà gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́rùn, Akọ̀wé ṣíwájú pẹ̀lú ìwé oyè. Ibi tí eléré kan bá ti ń ṣeré, wọ́n á sọ àga kalẹ̀, Akọ̀wé á ka ojú ìwé kan àtààbọ̀, Ọ̀gá á wá sọ̀rọ̀. Èyí tó sọ lórí afárá rèé:

"Mo dìde dúró níwájú yín lónìí, ní ìjókòó. Mo wo ọ̀tún, mo rí títì. Mo wo òsì, mo rí títì. Ta ló ń tọ́jú ẹ̀? Èmi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wojú mi. Nípa agbára tí wọ́n fún mi, àti èyí tí mo fi kún un fúnra mi, mo kéde pé mo ti ṣí ọkùnrin tó ń fẹ̀yìn rìn yìí lónìí, kó máa rìn."

Ọkùnrin tí wọ́n ṣí ọ̀hún ti ń rìn láti àárọ̀. Ohun tó wá bí Ọ̀gá nínú ni pé ẹ̀yìn ló kọ sí òun. Ó ní ìwà àrífín ni, kí wọ́n gbé àga lọ sí iwájú ẹ̀. Wọ́n gbé e lọ. Ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn, bẹ́ ẹ bá dúró níwájú ẹ̀, ńṣe ló máa ń jìnnà sí yín. Bí wọ́n bá ti sọ àga kalẹ̀, ọkùnrin náà á ti lọ. Ọ̀gá ní kí wọ́n tẹ̀ lé e. Bí géńdé mẹ́rin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí afárá nìyẹn, Ọ̀gá lórí àga, agboòrùn lókè, Akọ̀wé ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bó ṣe ń ka oyè, ọkùnrin náà ń wò wọ́n lójú kòrókòró, ó ń fẹ̀yìn lọ. Àwọn èèyàn fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Orí Ọ̀gá wú. Kò mọ̀ pé ìlú fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ló kọ́kọ́ la Akọ̀wé lójú. Ó fún un ní búrẹ́dì kan lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní nínú gbogbo eré tí wọ́n ṣe, tiwọn lòun gbádùn jù, pàápàá ọkùnrin tó ń ṣe bí ọ̀gá agbéraga yẹn. Ó ní ibo ni wọ́n ti rí i, ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé òun fẹ́ gbá a létí. Akọ̀wé jẹ búrẹ́dì náà, kò mọ adùn ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ó sọ ọ́ fún ìyàwó ẹ̀. Ìyá Òdòdó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ó wo àwọn ọmọ tó ń jẹun, ó wo òrùlé tó wà lórí wọn, ẹ̀rín tán lójú ẹ̀.

"Èèyàn mélòó ló pàtẹ́wọ́ fún un?"

Akọ̀wé ní òun ò kà wọ́n.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, jọ̀ọ́, kà wọ́n lọ́la."

Ó kà wọ́n lóòótọ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ má sọ pé ìkà ni, ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti kìlọ̀ fún ọ̀gá ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ó dà bíi pé àwọn èèyàn yìí ń rò pé..." Ọ̀gá dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní tí wọ́n bá ti ń ronú, ó ti tó àkókò. Lọ́jọ́ kẹta ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní ìlara ló ń ṣe é, pé kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún akọ̀wé rí. Ìgbà tí a bá sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ìyìn ti di létí, kí ló tún kù tí a ò ṣe? Akọ̀wé mú bírò kejì, ó ń kọ iye àwọn èèyàn sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta yẹn náà ni wọ́n pàdé ilẹ̀kùn. Àwọn mẹ́fà nà án ró níwájú àga, wọ́n ní kí Ọ̀gá kànkùn kó tó kọjá. Ọ̀gá ní láti ọdún mẹ́sàn-án, òun ò kànkùn rí. Ó ní kí Akọ̀wé kéde òun fún un. Akọ̀wé dúró níwájú ilẹ̀kùn tí kò sí ilé lẹ́yìn ẹ̀, ó ń ké pé Ọ̀gá ń bọ̀. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Ọ̀gá ní kó ka oyè fún un. Ó kà á. Ilẹ̀kùn ò mira. Gbogbo títì ṣófo lọ́tùn-ún àti lósì, ajá kan tiẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ní òun ò ní gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn bí ajá. Odindi ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi dúró síbẹ̀. Nígbà tí Akọ̀wé ka oyè lẹ́ẹ̀karùn-ún, àwọn òǹwòran ti mọ̀ ọ́n lórí, wọ́n ń bá a kà á pa pọ̀: "Baba gbogbo òpó iná! Olùfúnni-láàyè, olùgba-ààyè-padà!" Omi bọ́ lójú Ọ̀gá. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìnlá.

Ọjọ́ kẹrin pé. Gbàgede kún. Màmá Olórí Ìlú dé pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ àti àpò ọwọ́ kan, ó lọ dúró sáàárín èrò bíi gbogbo èèyàn. Àga pupa wà láàárín gbàgede, Ọ̀gá sì wà lórí ẹ̀, àmọ́ ẹ ò lè rí pupa ẹ̀ mọ́. Aṣọ yẹ́lò bò ó lápá, lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn, títí dórí agboòrùn. Ọ̀gá rò pé wọ́n ń ṣe òun lọ́ṣọ̀ọ́ fún oyè igbákejì ni.

Bó ṣe rí Màmá, ó ní kí wọ́n mú aṣọ́gbà wá. Ó ka Òfin Kẹsàn-án sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohùn ẹ̀ ń dún ká gbogbo ìgboro. Ó ní òun kì í wojú ẹnikẹ́ni, pé èèyàn mẹ́tàlá dúró wo obìnrin yìí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́, nítorí náà kó kẹ́rù ẹ̀ kúrò nínú ilé ìjọba. Àwọn ọmọ Akọ̀wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di aṣọ ìyá wọn mú.

Màmá wo Ìyá Òdòdó. "Ọmọ mi, kí lò ń ṣe lọ́jọ́ yẹn?"

"Iṣẹ́ ni mo ń ṣe, Mà. Mò ń bomi rin òdòdó. Mi ò pe ẹnikẹ́ni kó wá wò mí." Ó yíjú sí àga. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ bá mi bi Ọ̀gá, èèyàn mélòó ló pàtẹ́wọ́ fún àwọn náà?"

Akọ̀wé rí i pé ẹsẹ̀ òun ń gbé òun lọ síwájú. Ó ṣí ìwé ẹ̀, ó sì kà á síta: ọjọ́ kejì, ọ̀rìn-lé-nígba, ọjọ́ kẹta, ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìnlá, tòní, òun ò lè ka gbogbo wọn tán. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọ̀gá ní irọ́ ni, òun ò ṣeré, iṣẹ́ lòun ń ṣe. Ẹ rí i, ká ní ó ti dúró síbẹ̀, ì bá bọ́. Màmá gan-an fẹ́ kó bọ́. Ó mi orí, ó ní ó dáa, iṣẹ́ ni, ó kàn jẹ́ pé òun ò mọ̀ pé irú iṣẹ́ báyẹn ni wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì yẹn, àwọn á jọ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ló bá yíjú sí ọmọbìnrin oníbàtà kánfáàsì, ó ní tí kì í bá ṣe eré, ta ló wá gba ipò kìíní?

Ọmọbìnrin náà ní a jẹ́ pé ọkùnrin orí afárá ni, aṣọ tiẹ̀ ló pọ̀ tẹ̀ lé ti àga.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ yẹ́lò kúrò lára àga. Ọ̀kan. Èjì. Ọkùnrin orí afárá fẹ̀yìn rìn bọ̀, àwọn géńdé ti na èjìká fún un, èrò ti ń pariwo. Ọ̀gá wò ó. Ó wo aṣọ tí wọ́n ń tú. Ó wo èjìká mẹ́rin tó ti ń gbé òun láti ọjọ́ kìíní, tó fẹ́ gbé ẹlòmíì yí gbàgede ká lẹ́ẹ̀mẹta. Akọ̀wé tó sún mọ́ ọn jù lọ rí i bí ẹnu ẹ̀ ṣe ń mì, ó sì mi orí sí i jẹ́jẹ́ pé rárá, Ọ̀gá, ẹ jókòó. Ṣé ẹ rántí pé mo ní ìyìn ti di í létí?

Ọ̀gá-Ń-Bọ̀ dìde. Láti ọdún mẹ́sàn-án, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó dìde lórí àga ẹ̀ níwájú èèyàn.

"Ẹ má tú u mọ́. Eré ni. Èmi ni mo ṣe é, èmi nìkan ni mo sì ronú ẹ̀."

Gbàgede dàrú. Wọ́n gbé e, wọ́n yí gbàgede ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń juwọ́, gbogbo ìlú ń ka oyè ẹ̀ lórí. Màmá dúró títí wọ́n fi sọ ọ́ kalẹ̀. Ó mú ìwé òfin lọ́wọ́ Akọ̀wé, ó fi ìka tọ́ "dórí ẹni tó ga jù," ó ní gbólóhùn náà dára púpọ̀. Ó ní ẹni tó ní iṣẹ́ lòun ń ṣe, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ní eré lòun ń ṣe, ẹ kú eré o, ó dàbọ̀. Ìyá Òdòdó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó bú sẹ́kún ayọ̀, Akọ̀wé sì fa ìwé ìdádúró tó fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ya wẹ́wẹ́.

Ọdún yípo. Àjọ̀dún tún dé. Lára àwọn tó tò síwájú tábìlì Akọ̀wé láti gbàwé ààyè ìṣeré ni ọkùnrin kan tó wọ kóòtù oníbọ́tìnì méjìlá. Kò sẹ́ni tó ké níwájú ẹ̀. Ó tò títí ó fi kàn án, ó sì kànkùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ fún un, ó bi í bóyá ó ti jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà gbé àga pupa fúnra ẹ̀ wá sí gbàgede, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó jókòó, ó mú ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè ara ẹ̀. Àwọn èèyàn dúró díẹ̀. Akọ̀wé tó dúró pẹ̀lú wọn kà wọ́n láìmọ̀ọ́mọ̀, bó ti mọ́ ọn lára: mọ́kànlá, tòun tìkára ẹ̀, ó ku ẹnì kan kí wọ́n pé méjìlá. Ó rí i pé ọkùnrin orí àga náà ń fìka kà wọ́n, tó kà wọ́n dé ìparí, tó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ojú ẹ̀ sì ń rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Òdòdó ń bomi rin òdòdó lódìkejì. Ó gbé ojú sókè, ó wo àga, ó wo ọkọ ẹ̀. Ó gbé agolo omi sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó sọdá wá, ó dúró tì wọ́n, ó sì pàtẹ́wọ́.